Ilé ọmọ màámi ti wálẹ̀: ṣé ihò kékeré ni kí wọ́n dá síkùn wọn, àbí kí dókítà gba ìsàlẹ̀?

ỌmọAláṣọ kọ:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́ o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọ̀rọ̀ yìí wúwo lẹ́nu, àmọ́ mi ò mọ ibòmíràn tí mo lè gbé e lọ.

Màámi pé ọdún 67. Ògbómọ̀ṣọ́ ni wọ́n ń gbé, aṣọ ni wọ́n ń tà láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú. Ọmọ mẹ́fà ni wọ́n bí, kò sí èyí tí wọ́n fi iṣẹ́ abẹ gbé jáde nínú wa, èmi àbíkẹ́yìn sì ni wọ́n rọbí lé lórí ju ọjọ́ kan lọ. Ó ti lé ní ọdún mẹ́jọ tí wọ́n ti ń ra àgbo jẹ̀díjẹ̀dí. Tí a bá béèrè, wọ́n á ní ìdí ló ń yọ àwọn lẹ́nu. Oṣù tó kọjá ni mo lọ kí wọn, tí mo já wọ yàrá lójijì, mo bá rí i pé aṣọ ni wọ́n ń ká há abẹ́ kí wọ́n tó jáde lọ sọ́jà. Mo sunkún. Tipátipá ni mo fi mú wọn dé ọ̀dọ̀ dókítà. Kì í ṣe jẹ̀díjẹ̀dí rárá. Ilé ọmọ ló ti wálẹ̀ tó ń yọ síta, ó sì ti fa àpò ìtọ̀ dání. Dókítà ní ìpele kẹta nínú mẹ́rin ni.

Ó ní kí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ, pé ojú ara ni òun máa gbà ṣe é. Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù yarí. Ó ní ayé ti kọjá ìyẹn, ihò kéékèèké ni wọ́n ń dá síkùn báyìí, wọ́n á ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́, wọ́n á fi àwọ̀n kan tí wọ́n fi ike hun fa ilé ọmọ sókè. Ẹ̀gbọ́n mi kejì tó wà n'Íbàdàn ní àwọ̀n yẹn gan-an ni àwọn obìnrin torí rẹ̀ pe ilé-iṣẹ́ lẹ́jọ́ lókè òkun. Àárín àwọn méjèèjì ni mo wà. Ta ló ti rí irú rẹ̀ rí?

Ìyá_Agbẹ̀bí kọ:

Àbúrò mi, ẹ kú ìtọ́jú màmá. Wọn á jẹun ọmọ kalẹ́.

Ọdún 31 ni mo fi gbẹ̀bí kí n tó fẹ̀yìn tì, ọ̀rọ̀ àgbo jẹ̀díjẹ̀dí yẹn kò yà mí lẹ́nu. Àfi bíi pé àwọn ìyá wa jọ ṣèpàdé lé e lórí. Abẹ́ á máa wúwo, á dà bíi pé ẹyin fẹ́ bọ́ tí wọ́n bá lóṣòó. Láàárọ̀ ara á fúyẹ́, torí wọ́n ti dùbúlẹ̀ sùn mọ́jú. Tó bá fi máa di ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yìn á máa dùn wọ́n. Òmíràn kì í lè tọ̀ tán àfi tó bá fi ìka ti nǹkan náà padà sínú. Ta ni wọ́n fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ fún? Jẹ̀díjẹ̀dí ló ṣeé sọ lójú ọjà, òun náà ni wọ́n ń pè é.

Iṣan tó tẹ́ sísàlẹ̀, tó gbé ilé ọmọ, àpò ìtọ̀ àti ìfun ìdí dúró, òun ló rọ̀. Ọmọ púpọ̀, ìrọbí tó pẹ́, ẹrù wúwo, ikọ́ tí kò lọ, ìgbẹ́ líle tí wọ́n ń fi agbára yà, gbogbo rẹ̀ ló ń fà á. Tí nǹkan oṣù bá wá dá, iṣan á tún tinrín sí i. Kò sí àgbo tó lè gbé e padà. Ẹ má sì dà á pọ̀ mọ́ ti obìnrin tí ìtọ̀ ń jò lára rẹ̀ tọ̀sán-tòru lẹ́yìn ìrọbí tó burú. Ihò ló lu sára ìyẹn, ìtọ́jú rẹ̀ yàtọ̀.

Ẹ dá mi lóhùn: ṣé wọ́n ti la ikùn màmá rí? Ṣé wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, ìtọ̀ ṣúgà, tàbí ásímà? Ṣé ẹ̀jẹ̀ ń yọ lábẹ́ wọn?

Tísà_Àgbà kọ:

Ẹni ọdún 67, kí ló tún fẹ́ fi ilé ọmọ ṣe? Kí wọ́n gé e dànù, kí ọ̀rọ̀ bùṣe. Ẹ̀yin èèyàn íntánẹ́ẹ̀tì yìí, ẹ fẹ́ràn kí ẹ máa fa ọ̀rọ̀ gùn.

Dókítà_Ìgbèríko kọ:

Ẹ̀gbọ́n Tísà, ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi díẹ̀.

Tí ìró bá ń bọ́ nídìí obìnrin, ṣé ìró ló ṣẹ̀ ni? Ìdè rẹ̀ ló tú. Ilé ọmọ kò jẹ̀bi nínú ọ̀rọ̀ yìí. Tí a bá gé e dànù tí a kò so orí ojú ara mọ́ ohun tó lágbára, orí ojú ara náà á tẹ̀lé e wálẹ̀ lọ́jọ́ iwájú, àtúnṣe ẹlẹ́ẹ̀kejì sì máa ń le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní 1997, wọ́n tẹ ìwádìí kan jáde láti Oregon ní Amẹ́ríkà: nínú obìnrin 100, bíi 11 ló máa ṣe iṣẹ́ abẹ nítorí nǹkan tó wálẹ̀ tàbí ìtọ̀ tó ń jò kí wọ́n tó pé 80 ọdún, àti pé bíi 29 nínú iṣẹ́ abẹ 100 bẹ́ẹ̀ ni wọ́n ń ṣe fún ẹni tí wọ́n ti ṣe fún rí. Nítorí náà, ìbéèrè tó ṣe kókó ni ohun tí wọ́n máa so ó mọ́.

Ẹ̀gbọ́n wọn tó wà ní Lọ́ńdọ̀nù kò parọ́. Tí wọ́n bá gba òkè, ihò mẹ́ta sí márùn-ún ni wọ́n ń dá síkùn, èyí tó tóbi jù kì í sábà ju mìlímítà 12 lọ. Wọ́n á fẹ́ gáàsì sínú ikùn kó wú, kí ààyè lè wà, wọ́n á ti kámẹ́rà bọ̀ ọ́, wọ́n á rán àwọ̀n mọ́ iwájú àti ẹ̀yìn orí ojú ara, wọ́n á wá fi kọ́ egungun ìbàdí nínú lọ́hùn-ún. Ó máa ń dúró dáadáa. Láyé àtijọ́, ikùn ni wọ́n ń là gbàràgàdà kí wọ́n tó lè ṣe iṣẹ́ kan náà.

Ṣùgbọ́n ẹ wo ohun tí àwọn èèyàn ń gbàgbé. Èyí tó ń gba ojú ara kọjá, kò dá ihò kankan síkùn rárá! Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn lè tó o, kò dìgbà tí wọ́n bá mú aláìsàn sùn pátápátá. Dókítà á yọ ilé ọmọ, á fún ògiri iwájú tàbí ti ẹ̀yìn ojú ara pọ̀, á sì fi okùn ìránṣọ so orí ojú ara mọ́ iṣan líle kan tó wà nínú, lẹ́bàá egungun ìbàdí. Kò sí àwọ̀n níbẹ̀. Ó ti wà tipẹ́tipẹ́ kí ẹnikẹ́ni tó mọ̀ pé kámẹ́rà máa wọnú ikùn. Torí pé kò ní orúkọ ìgbàlódé ni àwọn èèyàn ṣe ń fojú tín-ín-rín rẹ̀.

Tísà_Àgbà kọ:

Ó yé mi. Ọ̀rọ̀ ìró yẹn wọlé.

ÌyáÌbejì_Manchester kọ:

Ẹ jẹ́ kí èmi tí wọ́n ṣe onihò fún sọ tèmi. Ọdún 44 ni mo wà nígbà náà, lẹ́yìn àwọn ìbejì mi. Mi ò fẹ́ kí wọ́n yọ ilé ọmọ mi, wọ́n sì gbà. Wọ́n fi àwọ̀n so ilé ọmọ náà gan-an mọ́ egungun. Ihò mẹ́rin. Mo sùn sílé ìwòsàn lálẹ́ ọjọ́ kan, mo padà sílé lọ́jọ́ kejì.

Ohun tí ẹnikẹ́ni kò sọ fún mi ni èjìká. Ẹ̀yin èèyàn mi, èjìká mi dùn mí ju ikùn lọ! Gáàsì tó ṣẹ́kù nínú ikùn ló ń fà á, ó lọ lẹ́yìn ọjọ́ mẹ́ta. Àwọn ihò yẹn kéré débi pé ọkọ mi rò pé ara mi ti yá tán, ó ń bi mí pé ìgbà wo ni ọbẹ̀ máa délẹ̀. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ni wọ́n ní n kò gbọdọ̀ gbé ohun wúwo, n kò gbọdọ̀ bá ọkọ lò. Àpá kékeré lójú, àmọ́ ohun tí wọ́n rán nínú kò kéré. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn fún màmá tó ń gbé aṣọ.

Kí wọ́n tó gbà láti ṣe é fún mi, àwọn dókítà bíi mélòó kan ló jókòó lórí ọ̀rọ̀ mi, wọ́n sì bá mi sọ̀rọ̀ àwọ̀n yẹn fún nǹkan bíi wákàtí kan. Èmi náà bi oníṣẹ́ abẹ mi pé, "Mélòó irú èyí lẹ ṣe lọ́dún tó kọjá?" Kò bínú. Ẹni tó bá bínú sí ìbéèrè yẹn, ẹ dìde.

ẸgbọnỌmọAláṣọ kọ:

Èmi ni ẹ̀gbọ́n tó wà n'Íbàdàn. Ẹ kú ọ̀rọ̀ o. Ṣé àwọ̀n tí wọ́n fi so yín yìí kọ́ ni ìjọba fòfin dè?

ÌyáÌbejì_Manchester kọ:

Ẹ̀gbọ́n, ibẹ̀ ni gbogbo èèyàn ti ń ṣì í. Àwọ̀n tí wọ́n gba ojú ara fi sínú ni ọ̀rọ̀ bá. Scotland ló kọ́kọ́ ní kí wọ́n dáwọ́ rẹ̀ dúró ní 2014. Ọsirélíà fòpin sí i ní 2017. Ní July 2018 ni England náà dáwọ́ rẹ̀ dúró. Àwọn obìnrin ń sọ pé àwọn kò lè rìn, kò lè jókòó, àwọ̀n ti ń gé ara wọn nínú, àwọn dókítà sì ń ní kò sí nǹkan kan. Ní April 2019, FDA, àjọ tó ń ṣàkóso oògùn àti ohun èlò ìwòsàn ní Amẹ́ríkà, pàṣẹ pé kí àwọn ilé-iṣẹ́ tó ṣẹ́ kù má ta èyí tí wọ́n ń fi sí ojú ara fún ilé ọmọ tó wálẹ̀ mọ́. Nígbà tó di July 2020, ìgbìmọ̀ tí Julia Cumberlege ṣáájú níbí gbé ìròyìn wọn jáde, wọ́n sì sọ ọ́ ketekete pé ètò ìlera kò fetí sí àwọn obìnrin yẹn.

Èyí tó ń gba ikùn wọlé, bíi tèmi, kò sí nínú òfin yẹn, àmọ́ ojú ni wọ́n là sílẹ̀ láti fi ṣọ́ ọ.

Dókítà_Ìgbèríko kọ:

Òótọ́ ni. Kí n fi kún un pé ti ikùn náà kì í ṣe aláìlẹ́bi. Ìwádìí kan ní Amẹ́ríkà tẹ̀lé àwọn obìnrin tí wọ́n la ikùn wọn láti fi àwọ̀n sí i. Nígbà tí wọ́n ṣírò rẹ̀ dé ọdún keje, ní 2013, nínú obìnrin 100, bíi 10 ni àwọ̀n tàbí okùn rẹ̀ ti máa yọ sójú ara. Ẹni tí wọ́n bá fi àwọ̀n sí lára, ó gbọ́dọ̀ ní dókítà tó lè padà sọ́dọ̀ rẹ̀ lọ́dún keje. Ẹ jẹ́ kí ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù ro ìyẹn: tí àwọ̀n bá yọ ní Ògbómọ̀ṣọ́, ta ni wọ́n á fi hàn?

Àdùnní_Houston kọ:

Rọ́bọ́ọ̀tì ni wọ́n fi ṣe tèmi. Oníṣẹ́ abẹ jókòó sídìí ẹ̀rọ lápá kan yàrá, ó ń fi ọwọ́ darí apá rọ́bọ́ọ̀tì lára mi. Láti 2005 ni wọ́n ti fọwọ́ sí i pé kí wọ́n máa fi ṣe iṣẹ́ abẹ obìnrin níbí. Inú mi dùn sí i, àmọ́ kí n sọ òótọ́: owó rẹ̀ pọ̀, dókítà mi fúnra rẹ̀ sì sọ pé èsì rẹ̀ kò dára ju ti onihò tí kò ní rọ́bọ́ọ̀tì. Rọ́bọ́ọ̀tì ń ran ọwọ́ dókítà lọ́wọ́ ni. Ẹ má ta ilẹ̀ nítorí rẹ̀.

Alágbo_Òtítọ́ kọ:

Gbogbo èyí kò pọn dandan. Álọ́ọ̀mù àti omi gbígbóná ni kí màmá jókòó lé láàárọ̀ lálẹ́, ojú ibẹ̀ á fún pọ̀ padà. Ẹ bá mi sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀.

Ìyá_Agbẹ̀bí kọ:

Ẹ má bá a sọ̀rọ̀ níkọ̀kọ̀ o. Gbangba yìí ni mo fẹ́ dá a lóhùn. Álọ́ọ̀mù ń bó ojú ara. Mo ti tọ́jú obìnrin tí ibẹ̀ di egbò látàrí rẹ̀, awọ ìyá ẹni ọdún 67 sì ti tinrín tẹ́lẹ̀. Kó jó wọn lójú ara, kí ilé ọmọ sì tún wà níta síbẹ̀?

Màmá_Òrùka kọ:

Ẹ jọ̀ọ́, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni kò sọ̀rọ̀ òrùka? Mo ti pé 73, olùkọ́ ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún karùn-ún rèé tí mo ti ń lo òrùka rọ́bà tí dókítà fi sí mi lábẹ́ láti fi gbé ilé ọmọ dúró. Wọ́n wọn ìwọ̀n mi, èkíní tóbi jù, èkejì bọ́ nígbà tí mo ń yàgbẹ́, ẹ̀kẹta ló bá mi mu. Mo ń lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ ọ́ fọ̀, tí wọ́n ń yẹ ibẹ̀ wò, lẹ́ẹ̀mẹ́ta lọ́dún, wọ́n sì fún mi ní ìpara tí mo ń fi síbẹ̀ kí awọ má gbẹ. Nígbà míì omi díẹ̀ ń dà, á sì ní òórùn. Mo á lọ rí wọn, ó tán. Mò ń lọ sí ṣọ́ọ̀ṣì, mò ń jó.

Nǹkan àtijọ́ ni. Àwọn Gíríìkì ayé Hippocrates, oníṣègùn wọn àtijọ́, ìlàjì èso pómégíránétì ni wọ́n ń fi há a! Èso inú Bíbélì yẹn náà ni o. Nígbà tí mo kà á, mo dúpẹ́ fún rọ́bà.

ỌmọAláṣọ kọ:

Màmá, ẹ ṣeun, dókítà dárúkọ òrùka náà. Màámi ní àwọn kò fẹ́ ohun tí wọ́n á máa yọ tí wọ́n á máa fi sí, pé ta ni yóò máa gbé àwọn lọ.

Ìdáhùn sí ti Ìyá_Agbẹ̀bí: wọ́n ní ẹ̀jẹ̀ ríru, oògùn wà lára wọn. Ásímà wọn ti pẹ́. Wọ́n ti la ikùn wọn lẹ́ẹ̀mejì, àpẹ́ńdíìsì ní 1989, lẹ́yìn náà ìfun tó dí ní 2003. Ẹ̀jẹ̀ kò yọ. Wọ́n ti yẹ ẹnu ilé ọmọ wò, wọ́n ya skáànù kíndìnrín náà. Mi ò mọ ìdí tó fi jẹ́ kíndìnrín.

Dókítà_Ìgbèríko kọ:

Torí tí ilé ọmọ bá wálẹ̀ gan-an, ó lè fún ọ̀nà tí ìtọ̀ ń gbà láti kíndìnrín sínú àpò rẹ̀. Dókítà yín mọṣẹ́.

Ohun tí ẹ kọ sókè yìí ló tán iyàn ilé yín. Fún onihò, wọ́n á dorí màmá kọ ìsàlẹ̀ lórí bẹ́ẹ̀dì, gáàsì á kún ikùn, á máa ti ẹ̀dọ̀fóró sókè, ó sì lè gba wákàtí méjì tàbí mẹ́ta. Fún ẹni tó ní ásímà àti ẹ̀jẹ̀ ríru, ìyẹn kì í ṣe eré. Ikùn tí wọ́n ti là lẹ́ẹ̀mejì, ìfun lè ti lẹ̀ mọ́ ara wọn níbẹ̀, dókítà á máa já wọn ní ọ̀kọ̀ọ̀kan kí kámẹ́rà tó rí ọ̀nà. Ká ní ẹni ọdún 45 tí ikùn rẹ̀ mọ́ ni, tó sì wà nítòsí ẹni tó ń ṣe é lójoojúmọ́, mo lè gba ti Lọ́ńdọ̀nù. Fún màmá yìí, ìsàlẹ̀ ni.

Ọ̀nà kan tún wà tó kúrú ju gbogbo rẹ̀ lọ, dókítà LeFort ti ilẹ̀ Faransé kọ ọ́ sílẹ̀ láti 1877: kí wọ́n rán ojú ara pa. Ó yá, kì í sábà padà wálẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbálòpọ̀ ti tán nìyẹn o.

ỌmọAláṣọ kọ:

Há, ìyẹn gan-an ló dáa! Bàbá wa ti kú láti 2016. Kí wọ́n pa á dé jàre.

Ìyá_Agbẹ̀bí kọ:

Àbúrò, ta lẹ bi?

ỌmọAláṣọ kọ:

Ẹ jọ̀ọ́ ẹ má rẹ́rìn-ín. Mo pè wọ́n. Mo yí ọ̀rọ̀ ká fún bíi ìṣẹ́jú mẹ́wàá kí n tó lè sọ ọ́. Màámi dákẹ́. Lẹ́yìn náà wọ́n ní, "Ta ló ní kó bá mi tilẹ̀kùn? Ṣé òun ló kọ́lé ni?" Wọ́n já fóònù mọ́ mi létí.

Àdùnní_Houston kọ:

Mo ti kú 😂😂 Ẹ bá mi kí màmá o!

Màmá_Òrùka kọ:

Wọ́n gbádùn. Ẹ̀yin ọmọ ẹ máa rò pé tí bàbá yín bá ti lọ, àwa náà ti di àga.

ỌmọAláṣọ kọ:

Ó ti lé ní oṣù kan tí mo ti kọ̀wé síbí kẹ́yìn. Wọ́n ti ṣe é o, ojú ara ni wọ́n gbà. Ẹ̀gbọ́n Lọ́ńdọ̀nù bá dókítà sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ó bi í ní ìbéèrè ÌyáÌbejì. Dókítà dá a lóhùn láìbínú, ẹ̀gbọ́n sì fi owó ránṣẹ́.

Abẹ́rẹ́ ẹ̀yìn ni wọ́n gún. Màámi ní àwọn gbọ́ gbogbo ohun tí wọ́n ń sọ, pé ọ̀rọ̀ bọ́ọ̀lù ni wọ́n ń jiyàn lé lórí, inú sì bí àwọn. Kò tó wákàtí méjì. Wọ́n yọ ilé ọmọ, wọ́n fún ògiri iwájú pọ̀ níbi tí àpò ìtọ̀ ti ń bọ̀, wọ́n so orí ojú ara mọ́ iṣan inú lápá ọ̀tún. Wọ́n yọ rọ́bà ìtọ̀ lọ́jọ́ kejì, a dé ilé lọ́jọ́ kẹrin.

Ìdí ọ̀tún dùn wọ́n gan-an fún bíi ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ní pàtàkì tí wọ́n bá jókòó. Dókítà ti kìlọ̀ fún wa pé ibi tí okùn so mọ́ ló máa ń fà á. Ó ti ń rọlẹ̀. Ohun tuntun kan ni pé tí wọ́n bá wúkọ́ tàbí sín, ìtọ̀ díẹ̀ ń já bọ́ báyìí. Kò rí bẹ́ẹ̀ tẹ́lẹ̀.

Dókítà_Ìgbèríko kọ:

Ó máa ń ṣẹlẹ̀. Àpò ìtọ̀ tó ti wálẹ̀ ti ká ọ̀nà ìtọ̀ kò tẹ́lẹ̀, bí ẹni ká rọ́bà omi. Ní báyìí tó ti nà, àbùkù tó ti wà níbẹ̀ hàn. Kí wọ́n máa fún iṣan abẹ́ pọ̀ bí ẹni tó ń dá ìtọ̀ dúró, kí wọ́n mú un bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú àáyá mẹ́wàá, kí wọ́n sì tú u. Ẹ̀ẹ̀mẹ́wàá, ẹ̀ẹ̀mẹ́ta lóòjọ́. Àmọ́ kí wọ́n má ṣe é nígbà tí wọ́n bá ń tọ̀ lọ́wọ́. Tí kò bá lọ lẹ́yìn oṣù díẹ̀, ìtọ́jú mìíràn wà.

Ìyá_Agbẹ̀bí kọ:

Ìṣọ̀ ńkọ́? Ta ló ń gbé báálì aṣọ?

ỌmọAláṣọ kọ:

Ọmọ ọjà kan ni. Màámi jókòó lórí àga, wọ́n ń fi ọ̀pá ìwọnṣọ júwe fún un. Lánàá mo bá wọn tí wọ́n fẹ́ gbé e fúnra wọn, mo pariwo. Wọ́n ní àwọn kàn fẹ́ sún un díẹ̀ ni.

Ìyá_Agbẹ̀bí kọ:

Wọn á sún un ni! Ìgbà wo ni wọ́n ń padà lọ fún àyẹ̀wò ọ̀sẹ̀ kẹfà?

ỌmọAláṣọ kọ:

Ọjọ́ Ẹtì tó ń bọ̀, mà. Èmi ni mo ń gbé wọn lọ.